Iṣẹ́ Ń Kọ́?

Ọ̀rọ̀ méjì péré ló ba ayé Ìyá Alámù jẹ́, kì í sì í ṣe èébú, kì í ṣe èpè. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ ń sọ ni. Ẹ lọ bá télọ̀ tí aṣọ oníbàárà ti kún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dé àjà, tí kò ráyè jẹun láti àárọ̀, kí ẹ bi í pé iṣẹ́ ń kọ́. Yóò yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu, yóò mí kanlẹ̀, yóò ní, "Kò síṣẹ́ jàre." Ẹ lọ bá káfíńtà tí ó ń kan ibùsùn mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ohun kan náà ni yóò sọ. Kò parọ́. Ohun tí ó ń wí ni pé a ń gbìyànjú, a ò tíì kú, ẹ má sì wá yá nǹkan lọ́wọ́ mi. Ta ni yóò dúró ní gbangba kó máa pariwo pé iṣẹ́ òun ń lọ dáadáa? Orí ẹni bẹ́ẹ̀ ò pé ni.

Ìyá Alámù kì í ṣe ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. Láàárín àwọn obìnrin mọ́kànlá tó ń mọ ìkòkò lábẹ́ àtíbàbà onípáànù létí odò, òun ló mọṣẹ́ àmù jù, ìyẹn ìkòkò ńlá tó máa ń mú omi tutù nini láìlo iná mànàmáná. Àwọn yòókù ń mọ ìṣasùn, wọ́n ń mọ àdògán tí àwọn ará ìgboro fi ń dáná èédú, wọ́n ń mọ ìkòkò òdòdó fún àwọn tó ní ilé ńlá tí wọn ò sì ní nǹkan míì tí wọ́n fẹ́ fi ilẹ̀ ṣe. Ọkọ̀ akẹ́rù máa ń wá kó o lọ ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta. Iṣẹ́ wà. Iṣẹ́ pọ̀ débi pé ẹ̀yìn ń ro gbogbo wọn.

Òkè tó wà lẹ́yìn abúlé náà, iléeṣẹ́ awakùsà ló ń wa nǹkan níbẹ̀. Lọ́sàn-án gangan lójoojúmọ́, fèrè wọn á dún lẹ́ẹ̀mẹta, wọn á fọ́ òkè, ilẹ̀ á sì mì tìtì. Ìkòkò tútù tó bá dá dúró lórí pátákó lákòókò yẹn, ó di kó sán. Àwọn obìnrin náà ti wá ọgbọ́n dá sí i. Bí fèrè àkọ́kọ́ bá ti dún, kálukú á gbé ìkòkò rẹ̀ lé itan, á fi apá méjèèjì gbá a mọ́ra bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún, títí ilẹ̀ yóò fi dákẹ́. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti ń mọ ìkòkò báyìí, wọn ò sì rojọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni ọmọbìnrin Ìyá Alámù sọ̀ kalẹ̀ wá létí odò, ó wọ ẹ̀wù àwọ̀lékè aláwọ̀ búlúù tí orúkọ iléeṣẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé fóònù fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan dání. Ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ bí nìyí. Ó kàwé, ó wáṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin gbáko, bàtà mẹ́ta ló fi wáṣẹ́ gbó, kí iléeṣẹ́ tó gbà á fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré láti máa kọ orúkọ àwọn ará abúlé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá mi!"

"Òo! Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin akọ̀wé," ni Ìyá Ẹ̀fẹ̀ wí. Obìnrin yìí ni ẹnu rẹ̀ kì í sinmi nínú gbogbo wọn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jókòó lé amọ̀ o, kí iléeṣẹ́ má lọ yọ ẹ̀wù yẹn lọ́rùn yín."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó wá dúró níwájú ìyá rẹ̀. Ìyá Alámù ń mọ ọrùn àmù lọ́wọ́ ni, amọ̀ dé e ní ìgúnpá.

"Màámi, ọwọ́ yín ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Kí lorúkọ yín, mà?"

"O ò mọ orúkọ ìyá rẹ ni?"

"Wọ́n ní kí n bèèrè ni, mà."

Ó sọ ọ́ fún un. Ọmọ bèèrè ọjọ́ orí, ìyá ní kó kọ èyí tó bá wù ú, kó ṣáà má jẹ̀ẹ́ kó pọ̀. Ohun tó kàn nínú fóònù ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, iṣẹ́, pẹ̀lú àpótí kéékèèké méjì nísàlẹ̀ rẹ̀: ó ní, kò ní. Ọmọ náà bèèrè rẹ̀ bí a ṣe ń bèèrè rẹ̀ nílé.

"Iṣẹ́ ń kọ́?"

"Kò síṣẹ́ jàre," ni Ìyá Alámù dáhùn, ó sì ń fi àtàǹpàkò tẹ etí àmù yíká.

Ọmọ náà wo ọwọ́ ìyá rẹ̀. Ó wò ó díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ìka tẹ fóònù. Ó lọ sọ́dọ̀ ẹni kejì, ó lọ sọ́dọ̀ ẹni kẹta, èsì kan náà ló ń bá pàdé. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ẹ̀fẹ̀ tí ìyẹn ń fi igi lu ìdí ìṣasùn pó-pó-pó, obìnrin náà ní, "Iṣẹ́ kẹ̀? Wò yíká, ọmọ mi. Ṣé o rí iṣẹ́ kankan níbí ni?" Ẹ̀rín tún gba abẹ́ àtíbàbà. Lẹ́yìn náà ọmọ náà ya àwòrán kálukú, wọ́n sì fi àtàǹpàkò tẹ ojú fóònù láti fọwọ́ sí i. Amọ̀ wà lára gbogbo àtàǹpàkò mọ́kànlá, nítorí náà lẹ́yìn ẹnì kọ̀ọ̀kan ni akọ̀wé ń fi ìṣẹ́tí ẹ̀wù àwọ̀lékè rẹ̀ nu ojú fóònù kó lè mọ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn kan ti ń pe Ìyá Alámù ní Ìyá Akọ̀wé. Bí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀, á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, kí wọ́n lè tún un pè.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, iléeṣẹ́ pe gbogbo ìlú jọ. Wọ́n pa àgọ́ aláṣọ kan sí pápá ilé-ìwé, wọ́n sì na aṣọ gígùn kan tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ gàdàgbà sí: ÌRÓNILÁGBÁRA. Ìyá Ẹ̀fẹ̀ kò mọ̀wé, ó ní kí akọ̀wé bá òun kà á. Ìyẹn kà á. Ìyá Ẹ̀fẹ̀ gbé e yẹ̀wò lẹ́nu bí ẹni ń tọ́ nǹkan wò.

"Irọ́ ni alágbára?"

"Rárá o, mà! Ìrónilágbára. Wọ́n fẹ́ ró wa lágbára ni."

"Ẹn-hẹ́n. Etí mi ló dí."

Etí rẹ̀ kò dí. Àwọn obìnrin bo ẹnu rẹ́rìn-ín títí ọ̀gá àgbà fi gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ọ̀gá náà ní inú òun bàjẹ́ nígbà tí òun rí i nínú àkọsílẹ̀ pé odindi obìnrin mọ́kànlá wà létí odò tí wọn ò rí nǹkan kan ṣe láyé wọn. Ó ní iléeṣẹ́ òun kò lè máa wa ọrọ̀ lórí òkè kí ìyà máa jẹ àwọn ènìyàn nísàlẹ̀. Ó ní láti òní lọ, a ò ní gbọ́ ọ mọ́ lábúlé yìí pé kò síṣẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n wá ṣí aṣọ lórí nǹkan mọ́kànlá tó tò lọ bẹẹrẹ: ẹ̀rọ amómitutù, tí gbogbo wa ń pè ní fíríìjì. Wọ́n ní kí àwọn obìnrin náà máa fi ta omi tútù.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, nítorí inú mi kò tíì rọ̀ lórí rẹ̀ títí dòní. Àwọn tó ń mọ ìkòkò tó ń mú omi tutù, àwọn ni wọ́n fún ní fíríìjì kí wọ́n fi máa ta omi tútù. Iná mànàmáná kò sì sí lábúlé náà. Wáyà iná iléeṣẹ́ gba orí òrùlé wọn kọjá lọ sórí òkè, ó ń kùn bí oyin, kò sì bọ́ sílẹ̀ sí ilé ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní iná ń bọ̀.

Ẹ má fi Ìyá Alámù rẹ́rìn-ín nítorí pé inú rẹ̀ dùn. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Nǹkan funfun báyẹn kò wọ yàrá rẹ̀ rí. Ó fi ìrépé aṣọ tútù nù ún lówùúrọ̀, ó nù ún nírọ̀lẹ́, ó ń ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ pa dà pa dà kó lè gbọ́ bí rọ́bà ẹnu rẹ̀ ṣe ń pa mọ́ra. Ẹni tí nǹkan ọ̀fẹ́ ò kàn rí, ohun tó bá gbà kì í pè é ní yẹ̀yẹ́. Ìyá Ẹ̀fẹ̀ ní tirẹ̀ da àgbàdo sínú tirẹ̀, ó ní àwọn eku ilé òun ti ṣèpàdé lórí ọ̀rọ̀ iléeṣẹ́ yìí, wọ́n sì ní àwọn ò fara mọ́ ọn.

Kò pé oṣù méjì sí i. Ìyá Alámù wà nínú kòtò amọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọkọ́ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kòtò mù ún dé orí. Kòtò yìí ni gbogbo nǹkan. Amọ̀ pupa wà lókè rẹ̀ tí kò dára fún nǹkan kan, amọ̀ dúdú wà lábẹ́ rẹ̀ tó dára fún àdògán, ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ pátápátá ni amọ̀ eléérú wà, èyí tí kì í sán nínú iná. Kò sí irú rẹ̀ níbòmíràn létí odò náà; wọ́n ti wá a títí. Ibi tí ìyá rẹ̀ ti fi ọkọ́ gbẹ́ àtẹ̀gùn sára ògiri kòtò ṣì wà níbẹ̀, òun náà sì ni ó ń tẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Ó gbọ́ tí nǹkan ń ró gbì, gbì. Ó yọrí. Àwọn ọkùnrin kan ń ri òpó irin mọ́lẹ̀ létí kòtò, ọ̀kan nínú wọn sì gbé wáyà ẹlẹ́gùn-ún léjìká.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Ìyá Alámù kí wọn láti inú ihò. "Kí lẹ fẹ́ ṣe níbí?"

Olórí wọn fò sẹ́yìn. Kò mọ̀ pé ènìyàn wà nínú ilẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Iléeṣẹ́ ló fẹ́ máa da òkúta tí wọn ò lò síbí. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń lo ibẹ̀."

"Èmi tí mo wà nínú rẹ̀ yìí ń kọ́?"

Ọkùnrin náà wò ó, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó tún wò ó. "Wọ́n ní kò sẹ́nì kankan, mà."

Àwọn obìnrin mọ́kànlá gbéra lọ sí iléeṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an, amọ̀ ò tíì kúrò lẹ́sẹ̀ wọn. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ní ẹnì kan ṣoṣo ló lè wọlé. Wọ́n ti Ìyá Alámù síwájú, wọ́n ní kí ló tún kù, ṣebí ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Òótọ́ ni. Iléeṣẹ́ ti gba ọmọ náà síṣẹ́ gidi, nítorí wọ́n ní nínú gbogbo àwọn tó kọ orúkọ, kò sẹ́ni tó yára bíi tirẹ̀.

Ọkùnrin tó gbà á lálejò ni wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Àjọṣe, torí pé ohun tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn rẹ̀ ni Àjọṣe Iléeṣẹ́ àti Ará Ìlú. Ọ́fíìsì rẹ̀ tutù bí inú omi. Ọmọlúàbí ènìyàn ni, kò kọ́kọ́ wo obìnrin náà látòkè délẹ̀ kó tó dìde fún un.

"Ẹ jókòó, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n fún yín lómi tútù."

"Ẹ ṣeun, sà. Òǹgbẹ kọ́ ló gbé mi wá. Àwọn ènìyàn yín ti ń fi wáyà yí kòtò amọ̀ wa ká. Ibẹ̀ la ti ń jẹ, ibẹ̀ la ti ń mu."

Ọkùnrin náà mí. "Màmá, òfin wa ni pé ibi tí ẹnì kan ṣoṣo bá ti ń ṣiṣẹ́, a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. À á yà bàrá ni. Ìdí nìyẹn tí a fi rán ènìyàn wá bi yín kí a tó ri òpó kankan." Ó yí ojú ẹ̀rọ tó wà lórí tábìlì rẹ̀ sí i. Àwòrán ara rẹ̀ ni Ìyá Alámù kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ti Ìyá Ẹ̀fẹ̀, gbogbo àwọn mọ́kànlá. "Ẹ wò ó. Wọ́n bèèrè iṣẹ́ yín. Ẹ ní ẹ ò ní. Àtàǹpàkò yín nìyí."

"Èmi? N kò sọ pé n kò níṣẹ́. Mo ní kò síṣẹ́ ni!"

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Ọ̀gá Àjọṣe, ó sì tètè gbé e mì. "Mo mọ̀, mà. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá mi. Bó ṣe ń lu irin lọ́wọ́ ló máa ń sọ ọ́."

"Ẹ ṣé o! Ọ̀rọ̀ mi ti yé yín. Ẹ bá wa tún un kọ."

"Ó yé èmi. Kò lè yé àwọn tó ń ka ìwé yìí lọ́hùn-ún." Ó ń yí bírò lọ́wọ́. "Ọ̀nà kan ló wà. Kí ẹni tó kọ ọ́ wá fọwọ́ sí i pé òun ló kọ ọ́ ṣì. Kó wá kí ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, nítorí ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọn ó ti wáyà pa. Bó bá ti fọwọ́ sí i, màá ní kí wọ́n hú àwọn òpó yẹn kúrò lójú ẹsẹ̀." Kò wo ojú obìnrin náà mọ́. "Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ orúkọ mọ́kànlá ṣì, mà, iléeṣẹ́ ò ní fi í sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀yin náà sì mọ ẹni tó kọ ọ́."

Ìyá Alámù mu omi tútù náà nígbẹ̀yìn.

Kò sọ nǹkan kan fún àwọn tó dúró lẹ́nu géètì ju pé wọ́n ní kí òun pa dà wá. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ jáde, ó lọ sí yàrá ọmọ rẹ̀ ní ilé àwọn òṣìṣẹ́. Yàrá kan ni, ó mọ́ tónítóní. Ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tí wọ́n ti lọ̀ gbẹ kọ́ sára ògiri. Bàtà méjì tò sẹ́nu ọ̀nà, tuntun ni wọ́n. Lórí tábìlì, ìkòkò kékeré kan wà tí bírò kún inú rẹ̀. Ìyá Alámù ló mọ ọ́n fún un lọ́jọ́ tó wọ ilé-ìwé gíga.

"O mọ̀ pé amọ̀kòkò ni mí," ni ìyá wí. Kò tíì jókòó.

"Mo mọ̀, Màámi."

"Amọ̀ wà lọ́wọ́ mi nígbà tí o bi mí."

"Mo rí i." Ọmọ náà jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. "Wọ́n ti sọ fún wa pé ẹni tí kò níṣẹ́ nìkan ni wọ́n máa fún ní nǹkan. Bí mo bá kọ ọ́ pé ẹ níṣẹ́, òfo ni. Mo ní kí nǹkan kan kúrò lọ́wọ́ àwọn ènìyàn yìí bọ́ sí yín lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. N kò mọ̀ pé nítorí ilẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bèèrè. Màámi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, n kò mọ̀."

"Kí ló dé tí ó fi rọrùn fún ọ láti kọ ọ́ pé ìyá rẹ kò níṣẹ́?"

Ọmọ náà gbójú sókè. Omi ti kún ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Láti kékeré, bí mo bá fọwọ́ kan amọ̀, ẹ máa ń gbá ọwọ́ mi dànù ni. Ẹ ní, 'Gba ilé-ìwé lọ, kóo lè níṣẹ́. Èyí kì í ṣe iṣẹ́, ìyà ni.' Ojoojúmọ́ lẹ sọ ọ́, Màámi. Mo gbà yín gbọ́."

Ìyá Alámù wá ibi jókòó. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára dé eegun, nítorí kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé ìfẹ́ ló mú òun sọ ọ́, pé ẹ̀yìn ló ń ro òun, pé òun kò fẹ́ kí ọmọ òun máa gbé ìkòkò tútù mọ́ àyà lójoojúmọ́ nítorí fèrè àwọn olówó.

"Ọ̀gá ti sọ fún mi," ni ọmọ rẹ̀ wí. "Bí ẹ bá ní kí n lọ fọwọ́ sí i, màá lọ láàárọ̀ ọ̀la. Wọn á lé mi, màá sì wá bá yín létí odò. Ẹ kàn sọ ọ́, mà. Ohun tí ẹ bá sọ ni màá ṣe."

Ìyá wo ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tó kọ́ sára ògiri. Ó rántí ọdún mẹ́rin ìwáṣẹ́, bí ọmọ náà ṣe máa ń wọlé nírọ̀lẹ́ tí kò ní lè wojú òun. Ó rántí Ìyá Ẹ̀fẹ̀ àti àwọn mẹ́sàn-án yòókù, àwọn tó ń fojú sọ́nà fún un. Obìnrin mẹ́wàá, ọmọ kan. Bí ẹ bá bi mí, n kò mọ ohun tí èmi náà ìbá ṣe, ẹni tó bá sì ní òun mọ̀ kò tíì bímọ.

"Má lọ," ló wí. "Jókòó ti iṣẹ́ rẹ."

Nígbà tó pa dà dé abẹ́ àtíbàbà, gbogbo wọn dìde dúró.

"Wọ́n ní kò ṣeé tún kọ," ni Ìyá Alámù wí.

"Ẹni tó kọ ọ́ kò lè pa á rẹ́ ni?" Ìyá Ẹ̀fẹ̀ bèèrè. Kò sí ẹ̀fẹ̀ kankan lóhùn rẹ̀.

"Kò lè pa á rẹ́."

Ìyá Ẹ̀fẹ̀ gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. "O ṣeun, Ìyá Akọ̀wé. O gbìyànjú. O bá wa sọ ọ́ níbi tí àwa ò lè dé." Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ tó wà lára aṣọ gígùn ọjọ́sí sọ sí i lọ́kàn, bí Ìyá Ẹ̀fẹ̀ ṣe pè é, kò sì pa á lẹ́rìn-ín mọ́. Òun gan-an ti wá mọ bí irọ́ ṣe lágbára tó. Ó sé gbogbo wọn lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Iléeṣẹ́ ṣàánú wọn; wọ́n ní kí wọ́n wa ohun tí wọ́n bá lè wà títí di ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta. Wọ́n wà á bí ẹni tí iná ń lé. Nígbà tí fèrè dún, tí ilẹ̀ mì, kò sẹ́ni tó gbé ìkòkò mọ́ àyà, nítorí kò sẹ́ni tó ní ìkòkò lọ́wọ́. Ìyá Alámù ru amọ̀ eléérú lẹ́rù mẹ́sàn-án wálé. Amọ̀ kò gbọdọ̀ gbẹ, bí ó bá gbẹ ó di òkúta. Ó wo yíká yàrá rẹ̀. Ó dojú fíríìjì kọ òkè, ó dà á dùbúlẹ̀ gbalaja, ó kó gbogbo amọ̀ náà sínú rẹ̀, ó bu omi wọ́n ọn, ó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Rọ́bà ẹnu rẹ̀ pa mọ́ra dáadáa. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí nǹkan náà wúlò.

Díẹ̀díẹ̀ ló ń bù ú lò. Àmù kan lọ́sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ọ̀kan lóṣù. Ọkọ̀ akẹ́rù kò wá mọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ìyá Ẹ̀fẹ̀ ń gbálẹ̀ ilé ìdáná àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́, wọ́n ní kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ níbẹ̀. Àwọn méjì ti kó lọ sí ìgboro. Àwọn yòókù ń fi òòlù fọ́ òkúta tí iléeṣẹ́ dà nù sórí kòtò amọ̀ wọn. Àwọn tó ń kọ́lé ló ń rà á.

Ọdún yípo. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, àwọn àlejò iléeṣẹ́ wá wo bí ìrónilágbára ṣe ń lọ sí. Obìnrin kan tó dé akoto funfun ló ṣáájú wọn, ẹnì kan gbé ẹ̀rọ ayàwòrán tẹ̀ lé e, akọ̀wé wà pẹ̀lú wọn, fóònù fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Alámù jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n kí i, wọ́n wọlé. Obìnrin náà rí fíríìjì tó dùbúlẹ̀, ó sì ṣí i.

Nísàlẹ̀ rẹ̀, amọ̀ tó kù kò ju ohun tí yóò mọ ìdí àmù kan lọ.

Obìnrin náà bèèrè nǹkan lọ́wọ́ akọ̀wé ní èdè tiwọn. Akọ̀wé dáhùn kúkúrú, kò wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí ìyá rẹ̀ wà. Àlejò náà mi orí, ó rẹ́rìn-ín múṣẹ́, ó pa ilẹ̀kùn fíríìjì dé, wọ́n ya àwòrán rẹ̀ bó ṣe wà ní pípadé, funfun báláú, wọ́n sì jáde lọ sí ilé tó kàn.

Akọ̀wé nìkan ló kù lẹ́yìn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Màámi. Iṣẹ́ ń kọ́?"

Ìyá Alámù wo ọmọ rẹ̀ lójú. Kò bínú sí i. Ì bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn bó bá lè bínú.

"Kò síṣẹ́," ló wí.

Ọmọ náà dúró. Ó na ìka sí ojú fóònù. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe ìbéèrè tọdún yìí ti dáhùn rẹ̀ tán kí wọ́n tó gbé e wá: ẹnikẹ́ni tó bá ti gba fíríìjì, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún un pé òǹtajà omi tútù ni, pé ó níṣẹ́. Kò sí àpótí méjì mọ́. Ọ̀kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, wọ́n sì ti fa ìlà sí i.

"Ẹ fọwọ́ sí i, mà," ló wí, ó sì na fóònù sí i.

Ìyá Alámù fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ọmọ rẹ̀ ti fa ìṣẹ́tí ẹ̀wù àwọ̀lékè rẹ̀ láti nu ojú fóònù, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, kó tó rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tí yóò nù.